Ta Ló Yẹ Kó Mú Kọ́kọ́rọ́ Àká Sọ́fítíwíà Àtijọ́?

Ní ọdún 1993, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà pa kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní SIMTEL20, ní White Sands, ìpínlẹ̀ New Mexico. Inú ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn àká sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó lókìkí jù lọ láyé ìgbà náà wà: àwọn ètò CP/M àti MS-DOS, irinṣẹ́ oríṣiríṣi tí àwọn èèyàn káàkiri ayé kọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní California, Walnut Creek CDROM, gba àká náà sọ́dọ̀. Ó ń tà á lórí CD, ó sì tún gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún aráyé. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n ti í pa.

Ẹnikẹ́ni kò jalè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kó jọ lọ́fẹ̀ẹ́ kàn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ìpinnu ẹnì kan tó láti pa á rẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lónìí, àwọn CD tí wọ́n tà nígbà náà ló gbà á là, nítorí pé wọ́n ti wà káàkiri ilé àwọn èèyàn kí ilẹ̀kùn tó tì, àwọn kan sì ti dà wọ́n kọ sórí ojúlé àká Internet Archive.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń gbóná sí i: ta ló yẹ kó máa tọ́jú sọ́fítíwíà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, báwo sì ni a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní bọ́ sábẹ́ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo? Ìdáhùn pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Kí a tó yẹ̀ wọ́n wò, ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tó ń jiyàn sábà máa ń pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà wà níbì kan láìbàjẹ́. Èkejì ni kí òfin gbà pé kó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ará ìlú lè rí i lò. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú sọ́fítíwíà ló yanjú ọ̀kan tàbí méjì, tó sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Àkókò pẹ̀lú kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe jáde máa ń wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ọdún 95. Sọ́fítíwíà tó jáde ní 1981 kò ní di ti gbogbo ayé títí ọdún 2077 yóò fi wọlé. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ fi tà á kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹni tó bá ní ká dúró kí àkókò òfin pé, àfi kó mọ̀ pé òfo ni yóò bá lórí dísíkẹ́ẹ̀tì náà.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá mọ ìrora yìí dáadáa. Kí ìlànà Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àdáṣe ni ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé àti olùkọ́ fi ń tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì jẹ́ sọ́fítíwíà. Bí fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ bá ti sọnù, fáìlì ìwé náà á ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa jáde lójú ìwé á dà bí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí.

Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù

Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbà pé olóhun ló yẹ kó máa tọ́jú ohun rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kọ sọ́fítíwíà, tàbí èyí tó rà á, ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ìgbà tí a óò tà á, ìgbà tí a óò tún un ṣe, àti ìgbà tí a óò pa á tì. Àwọn tó ń sọ èyí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Olóhun nìkan ló sábà ń ní kóòdù ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣe é, àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ wọn wọ inú rẹ̀. Eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń mówó wọlé nígbà tí wọ́n bá tún un gbé jáde. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá sì nílò ẹni tí yóò máa dí ihò ààbò rẹ̀. Bí VMS Software ṣe gba iṣẹ́ OpenVMS lọ́wọ́ HP ní 2014 ni kò jẹ́ kí ètò tó ti wà láti 1977 kú mọ́ àwọn oníbàárà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n OpenVMS kan náà ló fi àléébù ọ̀nà yìí hàn. Digital Equipment ló ṣe é. Compaq ra Digital ní 1998. Compaq darapọ̀ mọ́ HP ní 2002. Láti ọdún 1997 ni àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ti ń rí láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ gbà láti máa lò ó nílé, àwọn wọ̀nyí ló sì ń kọ́ ara wọn níṣẹ́ tí wọ́n ń pa ìmọ̀ náà mọ́. Ní 2020, wọ́n kéde pé ètò láísẹ́ǹsì yẹn ti dópin. VMS Software ṣètò tirẹ̀, ó sì tún dín in kù ní 2024. Láísẹ́ǹsì wọ̀nyí máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí: nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ á kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ohun tí olólùfẹ́ ní, àyálò ni.

Bí ilé-iṣẹ́ bá wá wó ńkọ́? Commodore wọ gbèsè ní 1994. Ẹ̀tọ́ Amiga lọ sọ́wọ́ Escom, ó kọjá sí Gateway ní 1997, ó tún kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ṣì ń pera wọn lẹ́jọ́ lórí ẹni tó ni kí ni. Ní 2023, Video Game History Foundation ṣe ìwádìí pẹ̀lú Software Preservation Network, wọ́n sì rí i pé ìdá 87 nínú 100 àwọn eré kọ̀ǹpútà tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010 kò sí lórí àtẹ mọ́. Iye yìí ló mú mi gbà pé ọjà nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ àká. Ọjà máa ń tọ́jú ohun tó bá ń tà ni.

Kí òfin gbé e fún ilé ìkàwé

Ọ̀wọ́ kejì ní kí a ṣe é bí a ti ń ṣe ìwé. Òfin ilẹ̀ Faransé láti 1992 ti fi sọ́fítíwíà kún ohun tí àwọn òǹṣèwé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè, ìdí nìyí tí Bibliothèque nationale de France fi ní ọ̀kan nínú àwọn àkójọ eré kọ̀ǹpútà tó dára jù ní Yúróòpù. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Àjọ Yúróòpù ti 2019 tún fún ilé ìkàwé àti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láṣẹ láti da ohun tó wà títí láé nínú àkójọ wọn kọ nítorí ìpamọ́, kò sì sí àdéhùn tó lè gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tó ta kókó. Òfin DMCA ti 1998 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já àgádágodo tí olóhun fi sórí sọ́fítíwíà, kódà bí ohun tí o fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bá bófin mu. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀bẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ pé kí wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀. Ní 2018, ilé ìkàwé rí ìyọnisílẹ̀ gbà fún sọ́fítíwíà tí wọn kò tà mọ́, ṣùgbọ́n inú ilé wọn nìkan ni òǹkàwé ti lè lò ó. Ní 2021, wọ́n gbà kí ẹni tó wà níbòmíràn lè lò ó láti ọ̀nà jíjìn, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, àyàfi eré kọ̀ǹpútà. Ní 2024, wọ́n tún kọ ẹ̀bẹ̀ náà fún eré. Nítorí náà, onímọ̀ tó ń kọ́ nípa eré tó jáde ní 1988 ṣì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ bá a níbi tó wà. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, kó má tilẹ̀ rò ó.

Agbára ọ̀nà yìí pọ̀. Ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè kì í jẹ gbèsè kó kógbá sílé, ẹnikẹ́ni kò sì lè rà á. Ohun tó bá gbà wọlé ní àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, pé ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, pé ìgbà tí olóhun bá ti fi ẹ̀dà sílẹ̀ ní dandan ló máa ń já fáfá, àti pé ó ń tọ́jú láìjẹ́ kí aráyé lò. Nínú nǹkan mẹ́ta tí mo yà sọ́tọ̀ lókè, ó ṣe méjì dáadáa, ó sì já ẹ̀kẹta kulẹ̀.

Ìyọ̀ǹda tó ti ọwọ́ olóhun wá

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì. Wọn kò fẹ́ bá olóhun jà, wọn kò sì fẹ́ dúró de òfin. Wọ́n ń lọ bẹ olóhun pé kó fi ohun tí kò wúlò fún un mọ́ sílẹ̀. Ibí ni ìtàn ti kún jù lọ, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ sì pọ̀ sí.

CP/M, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí Gary Kildall ṣe, ló gbilẹ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà kékeré kí MS-DOS tó dé. Ilé-iṣẹ́ Kildall, Digital Research, bọ́ sọ́wọ́ Novell ní 1991. Novell tà á fún Caldera ní 1996, láti ibẹ̀ ẹ̀tọ́ náà dé ilé-iṣẹ́ Lineo. Ní 2001, Bryan Sparks ti Lineo kọ lẹ́tà kúkúrú kan tó gba ojúlé àwọn olólùfẹ́ CP/M láyè láti máa pín in. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n ojúlé kan ni lẹ́tà náà dárúkọ. Ṣé ẹlòmíràn náà lè pín in? Ṣé èèyàn lè tún un ṣe kó sì pín ohun tó tún ṣe? Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi jiyàn lórí èyí, kí Sparks tó tún kọ̀wé ní 2022 pé gbogbo ayé ni àyè náà wà fún, àti láti lò ó, àti láti tún un ṣe. Ká ní ó ti kú kí ìbéèrè náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iyèméjì yẹn ì bá wà títí di òní.

Ti Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà mìíràn, tún le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, Caldera tú àwọn Unix àtijọ́ sílẹ̀, láti ẹ̀dà kìíní dé ìkeje, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹgbẹ́ Unix Heritage Society, tí Warren Toomey dá sílẹ̀ ní Australia, wá ní ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti máa tọ́jú. Lọ́dún kejì, ilé-iṣẹ́ kan náà, tó ti yí orúkọ padà sí SCO Group, gbé IBM lọ sí kóòtù lórí Unix. Nínú ẹjọ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e, kóòtù wá sọ pé ọwọ́ Novell ni ẹ̀tọ́ àdàkọ Unix wà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò fi ìgbà kan dé ọwọ́ SCO. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ wo ni Caldera fi tú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀? Aráyé ń lo kóòdù náà lọ, àmọ́ ìbéèrè yẹn kò tíì rí ìdáhùn tó gún régé.

Microsoft fi ojú mìíràn hàn wá. Ní 2014 ó gbé kóòdù MS-DOS 1.1 àti 2.0 fún Computer History Museum ní Mountain View, fún ìwádìí nìkan, láìsí òwò nínú rẹ̀. Ní 2018 ó tún gbé kóòdù kan náà jáde pẹ̀lú láísẹ́ǹsì MIT, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ohun tó bá wù ú. Ní 2024 ó fi MS-DOS 4.00 kún un, pẹ̀lú IBM. Photoshop 1.0.1 tí Adobe fi sílẹ̀ ní 2013 àti kóòdù kọ̀ǹpútà Lisa tí Apple fi sílẹ̀ ní 2023 ṣì wà lábẹ́ ìlànà ìwádìí nìkan. Kóòdù ni gbogbo wọn, orúkọ “ìtúsílẹ̀” náà sì ni ìròyìn fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jìn bí òkun. Èyí tó gba ẹlòmíràn láyè láti dà á kọ kó sì pín in nìkan ló ń yọ sọ́fítíwíà kúrò lábẹ́ àṣẹ olóhun. Èyí tó kù, àlejò ni ó sọ wá dà.

Èrò tèmi lórí ọ̀nà yìí nìyí: ó dára, ó sì yára ju òfin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé ìyọ̀ǹda ló ṣe pàtàkì ju inú rere lọ. Ìyọ̀ǹda tó dárúkọ ẹnì kan, tàbí tí a lè gbà padà, tàbí tí kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́, kò tíì pa nǹkan mọ́.

Àwọn àká ńlá tí kì í ṣe ti ìjọba

Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fítíwíà tó ṣeé lò nínú bíráúsà láìnílò ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí pé ẹ́múlétọ̀, ìyẹn ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Software Heritage, tí Roberto Di Cosmo àti àjọ ìwádìí Inria bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 2016, tí UNESCO sì dúró tì, ń kó kóòdù ìpilẹ̀ṣẹ̀ jọ. Fáìlì inú rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 20. Nígbà tí ojúlé kóòdù Google Code kógbá sílé ní 2016, tí Bitbucket sì pa àwọn àkójọ Mercurial rẹ̀ rẹ́ ní 2020, irú ilé wọ̀nyí ló sáré kó ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi dára ju ilé ìkàwé lọ ni pé wọ́n ń pamọ́, wọ́n tún ń jẹ́ kí a lò. Ewu wọn ni pé gbogbo rẹ̀ ń kóra jọ sábẹ́ òrùlé kan. Ní oṣù Kẹwàá 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu Internet Archive, ojúlé náà sì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ti dá a lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí àwọn òǹtẹ̀wé pè é lórí ìwé tó ń yá àwọn èèyàn. Ìwé ni wọ́n bá a jà sí, kì í ṣe sọ́fítíwíà, ṣùgbọ́n àpò kan náà ni owó ìtanràn ti ń jáde. Software Heritage ti ronú sí èyí: ó ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn, bí àjọ ENEA ní Ítálì.

Àká tí GitHub, ojúlé tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, ṣe ní àwọn erékùṣù Svalbard, ní 2020, kò ṣeé fi wé wọn. Fíìmù tí wọ́n ní yóò lò tó ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà nínú ihò kùsà èédú tí wọn kò lò mọ́, kóòdù inú rẹ̀ sì tó terabáìtì 21. Ó ga lójú. Síbẹ̀, Microsoft ló ni GitHub láti 2018, kóòdù tó sì ti wà ní gbangba lọ́jọ́ kan ní oṣù Kejì 2020 ló wà níbẹ̀. Sọ́fítíwíà tí a ń bẹ̀rù pé yóò sọnù, èyí tí olóhun kò fi kóòdù rẹ̀ han ẹnikẹ́ni rí, kò sí níbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Ọ̀wọ́ karùn-ún kò gba ilé kankan gbọ́. Kí ẹ̀dà pọ̀, kí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìyẹn ni ìdáàbòbò wọn. Ìtàn SIMTEL ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí Adobe pa Flash ní òpin 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń jẹ́ Flashpoint ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré àti àwòrán alárìnká jọ, iṣẹ́ tí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè kankan kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́múlétọ̀ pàápàá, ọwọ́ irú àwọn èèyàn báyìí ló ti jáde, kóòtù Amẹ́ríkà sì ti sọ ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ Sony àti Connectix, pé ṣíṣe ẹ́múlétọ̀ bófin mu.

Àléébù wọn kò kéré. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ní ni wọn kò gba àṣẹ fún. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń pamọ́ àti ẹni tó ń fi ohun olóhun pawó kì í hàn kedere: ojúlé LoveROMs tí Nintendo pè lẹ́jọ́ ní 2018 ń pín eré tó ṣì wà lórí àtẹ, ó sì parí sí ìdájọ́ tó ju mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ. Ẹ̀dà inú wọn lè ti yí padà láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹni tó ń sanwó ojúlé bá kú tàbí tó rẹ̀ ẹ́, àfi kí ẹlòmíràn dìde. Síbẹ̀, bí mo bá wo ohun tó ti sọnù àti ohun tó ti yè, àwọn wọ̀nyí ló gba èyí tó pọ̀ jù là. Òfin tí kò bá rí iṣẹ́ wọn rò kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀.

Kí a dín ọdún ẹ̀tọ́ àdàkọ kù

Àwọn tó ní kí ọdún ẹ̀tọ́ àdàkọ sọ́fítíwíà kúrú ní ọgbọ́n lọ́wọ́, nítorí pé sọ́fítíwíà kì í mówó wọlé fún ọdún 95. Àdéhùn òwò àgbáyé TRIPS ti 1994 ló dí wọn lọ́nà. Ó sọ pé kí a ka sọ́fítíwíà sí iṣẹ́ lítíréṣọ̀, kí ọdún rẹ̀ má sì dín ní 50. Ìlú tó bá nìkan dín in kù á fọwọ́ fa ẹjọ́ òwò. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n máa fi kóòdù sọ́dọ̀ ẹnì kẹta, kó lè ṣí i sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe èyí láàárín ara wọn nínú àdéhùn òwò, ṣùgbọ́n ará ìlú kì í sí nínú àdéhùn náà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Sọ́fítíwíà tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí sáfà olóhun ni ìbéèrè tó le jù. Bí ẹ̀dà tìrẹ bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, òkú ni bí sáfà bá kú. Nígbà tí Ubisoft pa sáfà eré The Crew ní oṣù Kẹta 2024, àwọn tó ti ra eré náà kò lè ṣe é mọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù kọ lẹ́yìn rẹ̀, Stop Killing Games, ti kó ìbuwọ́lù tó ju mílíọ̀nù kan lọ jọ ní 2025. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ tí mo kà lókè tó ní ìdáhùn sí i, nítorí pé gbogbo wọn ń rò pé ohun tí a fẹ́ pamọ́ ti wà lọ́wọ́ wa.

Ẹni tí yóò fúnni ní àṣẹ nígbà tí a kò mọ olóhun mọ́, tàbí tí ẹni méjì ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀, ṣì jẹ́ ìṣòro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ AI tó ń fẹ́ fi kóòdù inú àká wọ̀nyí kọ́ ẹ̀rọ wọn: ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1985 kò lè ti rò ó pé irú ìlò bẹ́ẹ̀ yóò dé, àwọn àká kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n kọ̀.

Ní tiwa, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ọ̀wọ́ tó dára jù, nítorí pé a kò tíì ka ohun tó wà. Àwọn fọ́ǹtì Yorùbá tó ṣáájú Unicode, àti ètò bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣe fún èdè wa nílé àti lẹ́yìn odi, wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì àti CD nínú àpótí àwọn òǹtẹ̀wé, àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ èdè, àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Èwo nínú wọn ni olóhun rẹ̀ ṣì wà láyé láti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ilé ìkàwé wo ló sì ṣe tán láti gbà á wọlé kí ojú CD tó fọ́?